Ilé Tí A Kì Í Ti Í Pe Orúkọ

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ìrágbìjí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ilé New York ga tó bẹ́ẹ̀ tí gèlè á fi já bọ́ lórí ẹni tó bá fẹ́ rí òkè wọn. Ó ga. Mo ti dáhùn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, nítorí òun ni kò kúrò lọ́kàn mi: ilé kan tí mo wọ̀ ní Bronx, tí a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a kì í wúkọ́ sókè níbẹ̀, tí a kì í sì í pe orúkọ ẹni tó ni ín.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ìyá Fọlákẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹnu mi kì í sinmi. Ọkọ mi olóògbé máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti èmi àti àga mọ́ inú yàrá kan, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, èmi àti àga náà á ti jà, a ó sì ti parí ìjà. Ẹ wá wo irú ilé tí Ọlọ́run mú irú èmi yìí lọ.

Ọ̀wọ́n ìkíni

Fọlákẹ́ nìkan ni mo bí. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló sì ń ṣe. Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfurufú wọn, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé mi, bí ẹni tó ń ra àgbò ọdún. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá wo ọmọ mi ni. Ó ní iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ń ṣe. Mo ní, "Ìyá yín ló ń bá yín tọ́jú." Àyà mi já bí mo ṣe sọ ọ́ tán, àmọ́ ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lu òǹtẹ̀ fún mi.

Àdúgbò Tremont, ní Bronx, ni Fọlákẹ́ ń gbé. Bí o bá di ojú tí o kàn ń fi imú rìn níbẹ̀, wàá rò pé ọjà Òṣogbo lo wà. Èlùbọ́ wà, panla wà, irú wà. Ìgbà tí o bá la ojú lo máa tó mọ̀ pé atẹ́gùn tó ń gé ọ létí yìí kì í ṣe ti ilé. Búrẹ́dì wọn ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí o tó rà á, o fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọnú bí òwú, kò sì ní dìde mọ́. Mo ní, "Fọlákẹ́, ṣé èyí lo fi ń sọ fún mi lórí fóònù pé ò ń jẹun dáadáa?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ìkíni ló tún wọ́n jù. Nínú àpótí ẹ̀rọ tó ń gbé wa gòkè lọ sílé, mo ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Wọ́n á wo ilẹ̀. Wọ́n á wo fóònù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fa ajá lọ́wọ́ nìkan ló dá mi lóhùn, ohun tó sì sọ ni pé ajá òun kì í gé ènìyàn jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án. Mo ti la ẹnu láti dáhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ni Fọlákẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Ó pa rédíò. Mo gbọ́ tí rédíò ilé kejì náà dákẹ́, ti ilé tó tẹ̀ lé e náà dákẹ́, títí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi pa lọ́lọ́. Ẹni náà tún kan án, ó dúró díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, obìnrin ará Guinea tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọ orí síta, ó ní ẹni tó ń pín ìwé ìpolówó ni.

Mo ní, "Ìwọ ò ní pépà ìgbélùú ni?"

Fọlákẹ́ ní, "Mo ní pépà, Mọ́mì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé yìí ló ní. Tó bá jẹ́ àwọn ìmígíréṣọ̀n ni, tí èèyàn kan bá dáhùn báyìí, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn wà nínú building."

Òtútù mú mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlémóoru ń ṣiṣẹ́.

Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi

Nígbà tó rí i pé jíjókòó lásán fẹ́ pa mí, Fọlákẹ́ ní kí n máa tẹ̀ lé òun lọ síbi iṣẹ́. Màmá kan tó ń gbé ní Mount Hope, tí kò jìnnà sí wa, ló ń tọ́jú. Hánà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Dáníẹ́lì, tó ń gbé ní New Jersey, ní kò burú, ó ní ìyá òun nílò ẹgbẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, Fọlákẹ́ yíjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ bọ́ bàtà yín níbí. Ẹ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn o. Ẹ má pe àgò. Ẹ má pe orúkọ Màmá, tẹ́ ẹ bá ń wá wọn, ẹ rọra wá wọn lọ. Ẹ sì dákun, ohùn yín."

"Kí ló dé?"

"Mi ò kí ń sọ ọ̀rọ̀ client síta. Àti pé, Mọ́mì, ẹnu yín."

Mo bínú, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa.

Ilé náà tóbi, ó ṣókùnkùn, aṣọ fèrèsé wúwo títí dé ilẹ̀. Ó ń rùn kánfọ̀ àti ewébẹ̀ bíbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, kò sí ohùn kankan. Mo wo àga, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wá yíjú padà, obìnrin kékeré kan tí irun rẹ̀ funfun báláú wà lẹ́yìn mi, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. N kò gbọ́ ẹsẹ̀. N kò gbọ́ èémí. Orí mi wú.

Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, nítorí náà mo ṣe ohun tí mo mọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Kíá ni òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó ara jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń yọjú wo fèrèsé, bí ẹni pé mo rí nǹkan níta ni mo ṣe fara pamọ́. A wà bẹ́ẹ̀, àwa àgbà méjì, lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ilé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mí jáde, ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ bíi tèmi pé, "Ó ti lọ."

N kò bi í pé ta ló lọ. Ẹ̀rù ò jẹ́.

Àwo kejì

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí Fọlákẹ́ bá ń lọ. Ẹ má ṣe rò pé arúgbó burúkú ni. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá pé, ó ń ṣeré bí ọmọge. Ó béèrè bí Ìrágbìjí ṣe rí, mo ní òkè àpáta ló yí wa ká. Ó ní ìyẹn dára, ibi ìfarapamọ́ pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe búrẹ́dì fún un nínú ààrò rẹ̀, búrẹ́dì gidi tí ènìyàn ń já bí ẹran. Ó jẹ ẹ́, ó di ojú. Ó ní búrẹ́dì àwọn ará Amẹ́ríkà wà fún àwọn tí kò léyín, òun sì ṣì ní díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun náà rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn kankan ò jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rẹ̀ ṣe rí. Bí ikọ́ bá gbé e, ìrọ̀rí ló máa fi bo ẹnu. Síbí rẹ̀ kì í kan àwo. Kì í gba àárín ilé kọjá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀, níbi tí pákó ilẹ̀ kì í ti í dún. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Èmi ń rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń fún un ní ìtumọ̀ tèmi. Mo rí ìdajì búrẹ́dì mi nínú bàtà. Mo rí òmíràn lẹ́yìn àwòrán lára ògiri, ó ti hu funfun. Bó bá sì fẹ́ jẹun, ó máa ń gbé àwo kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, á bu oúnjẹ sí i, á sì dúró díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń bọ̀. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ìwọ ni, Léà. Jẹun."

Ìwọ̀n tí mo lè fara dà ló parí níbẹ̀. Ní ilé wa, ọmọ tó bá ń fi oúnjẹ pamọ́, tó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pè é. Mo sọ fún Fọlákẹ́ lójú ọ̀nà pé àlejò wà nínú ilé yẹn tí kì í ṣe ènìyàn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ta ni Léà?"

Ohun mìíràn ló sọ fún mi, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Màmá Hánà máa ń sá pamọ́ nínú ilé ara rẹ̀ nígbà mìíràn, kò sì ní jẹ, kò ní mu, kò ní lo oògùn ọkàn rẹ̀. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, àwọn ará òkè ilé pe ọlọ́pàá, àwọn ìyẹn fọ́ ilẹ̀kùn, ìyá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sọ́wọ́ wọn. Dáníẹ́lì ti wá búra pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òun á gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó lẹ́bàá ilé òun. Ìyá náà ti lọ wo ibẹ̀ rí. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ń pe orúkọ.

Fọlákẹ́ ní, "Màmá sọ fún mi pé, tí wọ́n bá gbé àwọn lọ síbẹ̀, àwọn máa kú. Mọ́mì, mo gbà wọ́n gbọ́. Dáníẹ́lì ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́bọ̀."

Àánú ṣe mí dé eegun. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Mo sì sọ nínú ọkàn mi pé kí ọjọ́bọ̀ tó dé, ohun tó ń lé e kiri nínú ilé ara rẹ̀ á ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àdúrà mi

Ọjọ́bọ̀ náà gan-an ni àyè yọ. Fọlákẹ́ lọ gba oògùn ní ilé ìtajà oògùn, Màmá Hánà sùn lórí àga rẹ̀ nínú yàrá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyí, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo so ìborùn mọ́ ìbàdí. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi gbàdúrà rí mọ̀ pé kì í pẹ́ kí iná tó ràn.

Mo gbàgbé ohùn mi. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí Fọlákẹ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo di ojú, mo ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ láàárín ilé, gì, gì, gì, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń pariwo pé, "Ìwọ tí o sá pamọ́ sínú ilé yìí, jáde! Níbi yòówù kí o wà, lẹ́yìn ògiri, lábẹ́ ilẹ̀, mo ní jáde!" Mo tún fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, kí ẹ̀mí èṣù tí kò bá gbọ́ Yorùbá má rí àwáwí. "Come out! Come out by fire!" Mo gbá ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ gbàgà, mo ń lọ mo ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, títí òógùn fi bò mí.

Nígbà tí mo ṣe àmín, ilé náà dákẹ́ lọ́nà tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ṣí yàrá. Àga òfìfo ni mo bá. Aṣọ ìbora rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohùn tíṣà

Fọlákẹ́ wọlé, ó wo ojú mi, ó wo àga náà. Ó ní, "Kí lẹ ṣe?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

"Ẹ pariwo pé kó jáde? Ẹ janlẹ̀?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mọ́mì, Júù ni Màmá. Ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà ogun Jámánì, ní Poland. Àwọn sójà ń kó àwọn Júù, àtàgbà àtọmọ, wọ́n ń lọ pa wọ́n. Wọ́n ti kó bàbá àti ìyá Màmá lọ. Opó kan, Kátólíìkì ni, òun ló fi Màmá àti ẹ̀gbọ́n Màmá pamọ́ sẹ́yìn ògiri kíṣìnì rẹ̀. Àyè yẹn ò ju ibi tí èèyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí. Léà lorúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn."

Mo jókòó tì í.

"Àwọn sójà wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n janlẹ̀, wọ́n gbá ògiri, wọ́n pariwo, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni wọ́n bá lọ mú tíṣà Léà wá, tíṣà tó kọ́ ọ níwèé, tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn dúró láàárín ilé, ó pè é jẹ́jẹ́, 'Léà, Léà,' bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun. Léà dá a lóhùn. Ó jáde, ó sì dá pákó tó bo àyè náà padà lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọ́n ní ṣé òun nìkan ni. Ó ní òun nìkan ni."

Àwa máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dídákẹ́ ló gba Màmá Hánà là. Mo ronú kan Léà. Ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ ni. Àgbà pè é, ó dáhùn. Irú ọmọ tí gbogbo wa ń fẹ́ bí nìyẹn. Èyí tí kò bá dáhùn là ń gbá létí. Ìyá ìyá mi sì kọ́ wa ní òdì kejì náà, pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu rẹ dé. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni wọ́n fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa èwo ni ká lò, bí ikú bá yá ohùn àgbà lò.

Fọlákẹ́ nu ojú. "Màmá máa ń sọ pé, 'My hand could reach.' Ọwọ́ wọn dé ẹnu Léà. Wọn ò tètè nà án bò ó ni."

"Báwo ni opó yẹn ṣe ń pe Màmá jáde lẹ́yìn náà?"

"Kì í pè wọ́n. Á kàn wá jókòó sítòsí."

Dáníẹ́lì ti wà lójú ọ̀nà. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láìsọ̀rọ̀. A wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a wo ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, a wo balùwẹ̀. Fọlákẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé, pé bóyá ó jáde. Ó ku èmi nìkan nínú ilé tí mo mọ̀ pé ènìyàn mìíràn wà nínú rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ gbogbo ẹsẹ̀ tí mo bá gbé.

Nínú ògiri

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n mọ ibi ìfaṣọkọ́ kan mọ́ inú ògiri, kílọ́sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. A ti ṣí i tẹ́lẹ̀, kóòtù òtútù ló kún inú rẹ̀. Mo tún ṣí i. Gbogbo kóòtù náà dúró gbọnrangandan, àfi apá kan tó ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èémí ń kàn án.

N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba abẹ́ àwọn aṣọ náà wọlé. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi àpótí aṣọ dí iwájú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kàn án, ó sún mọ́ ògiri bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa ilẹ̀kùn dé. Mo sì jókòó.

Òkùnkùn náà ki débi tí o lè fi ọwọ́ gbá a mú. Kánfọ̀ ń ta mí nímú. Mo ń gbọ́ ọkàn kan tó ń lù, n kò mọ̀ bóyá tèmi ni tàbí tirẹ̀. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó kan ọwọ́ mi. Ìka ni, ó tutù, ó ń tọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ó sì fi nǹkan líle kan sí i. Búrẹ́dì mi ni, ó ti gan. Mo jẹ ẹ́. Mo ti ń ṣe búrẹ́dì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò jẹ irú rẹ̀ rí. Mo fi itọ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu kí n tó gbé e mì, kó má bàa dún.

Ni ilẹ̀kùn ìta bá ṣí. Bàtà ọkùnrin wọlé, ó wúwo. "Mom?" Dáníẹ́lì ni. Màmá Hánà kò mí. "Mom!" Mo gbọ́ ohùn Fọlákẹ́ tó ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo gbọ́ tí Dáníẹ́lì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, pé ìyá òun á jáde bó bá pẹ́ bó bá yá, àmọ́ kò ní sun ibí mọ́. Ó wọ yàrá tó kángun sí wa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa dúrọ́ọ̀, tó ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì, gbogbo rẹ̀ ń gba inú ògiri wọ etí wa.

Lẹ́yìn náà Fọlákẹ́ ṣàkíyèsí pé èmi náà ò sí níbẹ̀.

"Mọ́mì?" Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀. "Mọ́mì, níbo lẹ wà?"

Mo la ẹnu. Ta ni kò ní dáhùn? Ọmọ mi kan ṣoṣo ni, ó ń pè mí. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbá ẹnu mi mú nínú òkùnkùn náà. Ẹni tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, n kò mọ ibi tó ti rí agbára. Apá rẹ̀ kejì yí mi lọ́rùn, ó fà mí mọ́ àyà.

"Mọ́mì! Ẹ dá mi lóhùn!" Ó ti ń sáré. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í. "Mọ́mì o! Ẹ jọ̀ọ́!" Ẹkún ti wọ ohùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń rò pé mo ti jáde sí títí, pé mo ti sọnù nínú ìlú tí n kò mọ̀, pé aburú ti ṣe mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo ronú pé bí mo bá dáhùn báyìí, obìnrin yìí á tún pàdánù ẹlòmíràn, ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Mo di ojú, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn náà ti ṣú tó. Mo jẹ́ kí ọmọ mi sunkún.

Ẹsẹ̀ kọjá níwájú wa. Ó padà. Ó lọ. Níkẹyìn, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ní pálọ̀.

Ọwọ́ náà rọra kúrò lẹ́nu mi. Ó nu ẹnu mi, bí a ṣe ń nu ẹnu ọmọ. Ó sọ sí mi létí pé, "O ṣeun. O ò dáhùn. Wọ́n ti lọ, dìde."

Òun ló ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí lọ, mo sì ń tẹ̀ lé e bí àbúrò. Fọlákẹ́ rí wa, ó figbe ta, ó dì mọ́ mi. Dáníẹ́lì jáde láti yàrá. Ọkùnrin tó ti ní ewú ni, aṣọ ìyá rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, èmi àjèjì tí èérún búrẹ́dì kún àyà aṣọ rẹ̀. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́.

Màmá Hánà kò jẹ́ kí n rí i. Ó gbé ọwọ́ mi sókè kí ọmọ rẹ̀ lè rí i.

"Dáníẹ́lì," ó ní, "wọ́n pè é, wọ́n pè é, kò dáhùn. Àwa méjì la wọ ibẹ̀. Àwa méjì la jáde."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún gidi tí àwọn ará òkè ilé á gbọ́. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, kò sì ní kó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ó padà sínú yàrá, ó gbé báàgì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ìyá rẹ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀.